Ohùn Àdùfẹ́ ní Wharf Road

Kò sí ẹni tó ń ṣe òwò ọkọ̀ òkun ní Àpápá láyé ìgbà náà tí kò mọ ohùn Àdùfẹ́ Ọlálérè, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ojú rẹ̀ kò pọ̀. Òun ló ń dáhùn tẹlifóònù ní ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ òkun kan ní Wharf Road. Ẹni tó bá pè láti Marina, láti Port Harcourt, tàbí láti ìlú òyìnbó pàápàá, ohùn tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́: ohùn tó tutù, tó já gaara, tí kì í kánjú. Lẹ́yìn náà ni Àdùfẹ́ yóò fi okùn kan bọ ihò lára pátákó ńlá tó wà níwájú rẹ̀, ẹni tó pè á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tó ń wá sọ̀rọ̀, ohùn Àdùfẹ́ á sì pòórá.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni yàrá tí wọ́n fi í sí wà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ògiri ilé kejì ló kọjú sí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bàtà àwọn tó ń gòkè àti àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ á máa dún kò-kò-kò lókè orí rẹ̀. Ó mọ bàtà ọ̀gá, ó mọ ti àkọ̀wé, ó mọ ti ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Àwọn tó ni bàtà náà kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ọdún 1975 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlá Ọ̀ràngún wá sílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Èkó. Ó dùn mọ́ ọn gan-an nígbà yẹn. Tó bá lọ sílé lásìkò Kérésìmesì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní kó fi ohùn ọ́fíìsì yẹn kí àwọn, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún 1984, dídùn ibẹ̀ ti gbẹ dànù. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ láti òwúrọ̀ di alẹ́: ẹ káàárọ̀, ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ dúró díẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ kan délẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, oúnjẹ kì í lè wọlé mọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé àìsàn ni. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Kò pẹ́ tó fi fura pé ọjọ́ Ajé ló ń ṣe òun.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó bá ọ̀kan nínú àwọn máníjà pàdé lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọkùnrin náà wo aṣọ rẹ̀ tó ti tutù, ó wo fúláàsìkì tó gbé dání.

"Ta lẹ ń wá, màdáàmù? Àlejò kì í kọjá ibí yìí o."

Ọkùnrin yìí, láràárọ̀ ni Àdùfẹ́ máa ń so ó pọ̀ mọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Ó mọ ìgbà tí ọmọ wọn ń hu eyín.

"Èmi ni Àdùfẹ́, sà. Tẹlifóònù."

"Áà! Tẹlifóònù!" Ó rẹ́rìn-ín, ó gòkè lọ.

Kò ṣe ohun kankan tí wọ́n lè torí rẹ̀ fi ẹjọ́ sùn. Síbẹ̀, nígbà tí Àdùfẹ́ dé ilé wọn nítòsí Boundary ní Ajégúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò lè dáná. Orí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí. Ọkọ rẹ̀, Ephraim, tó ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò náà, bá a níbẹ̀.

"Wọ́n pè mí ní Tẹlifóònù, Bàbá Dámiláre. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà níbẹ̀."

Ephraim jókòó tì í. Kì í ṣe ọkùnrin tó máa ń kánjú sọ̀rọ̀. "Ṣé kó o fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ni?"

"Kí n fi í sílẹ̀ kí n lọ síbo? Ṣé ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń dá àwọn èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri ni?"

Òótọ́ ni. Ọdún náà le. Ṣùgbọ́n Ephraim ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn, títí tí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi sọ fún un pé báǹkì kan ní Marina ń wá obìnrin tí yóò máa kí àwọn oníbàárà káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ tí wọ́n á ti máa rí ojú èèyàn! Àdùfẹ́ di irun, ó wọ bàtà gíga tí kò wọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó lọ.

Obìnrin tó gbà á lálejò níbẹ̀ kò rorò rárá. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. "Ohùn yín dùn ún gbọ́ létí o, màdáàmù. Ṣùgbọ́n ẹ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni wọ́n ní ká mú."

Ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Marina sí Àpápá ló wọ̀ padà. Ó fara ti irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó bọ́ bàtà gíga náà, ó mú un dání. Kò sunkún. Ńṣe ló kàn rẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ èbúté, ó rí ọkọ̀ òkun ńlá kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ó sì ka orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára: Ìdẹ̀ra. Ó yà á lẹ́nu. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wọn ni. Kò mọye ìgbà tó ti dá orúkọ yẹn pè, tó ti so àwọn tó ń jiyàn lórí ẹrù rẹ̀ àti epo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, ṣùgbọ́n kò tíì fojú kàn án rí. Ó ga bí ilé, ó sì ti dípẹtà létí. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun bíi ti àwọn kúùkù dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń da omi ìrẹsì sódò, ó ń kọrin. Ẹnì kan sá ṣẹ́ẹ̀tì méjì sórí okùn. Nísàlẹ̀, lórí èbúté, obìnrin kan gbé ọmọ kékeré sókè gan-an kí ẹni tó wà lókè lè rí i dáadáa.

Àdùfẹ́ ń wò wọ́n títí ọkọ̀ tirẹ̀ fi gúnlẹ̀. Ó ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé èèyàn ló wà nínú ohun tí òun ń dárúkọ lójoojúmọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin kan pè. Àdùfẹ́ ti mọ ohùn rẹ̀, torí ó ti pè lemọ́lemọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ejiro ni orúkọ rẹ̀, aránṣọ ni ní Ajégúnlẹ̀, láti ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì ló sì ti máa ń pè. Yorùbá rẹ̀ pọ̀ mọ́ píjìn bíi ti ọ̀pọ̀ ará àdúgbò náà.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so mí mọ́ àwọn yẹn mọ́. Wọn kì í gbé e! Ẹ kàn sọ fún mi, di ship dey come, àbí e no dey come?"

Ìlànà tí wọ́n fún Àdùfẹ́ ni pé ìdílé atukọ̀ tó bá pè, kó so ó mọ́ ẹ̀ka tó ń mójú tó àwọn atukọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà kò tó nǹkan, iṣẹ́ wọn sì pọ̀, tẹlifóònù wọn á máa dún títí ni. Àdùfẹ́ ti mú okùn lọ́wọ́. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Ọkọ̀ wo ni, ìyá?"

"Ìdẹ̀ra. Ọkọ mi ni kúùkù ibẹ̀."

Àdùfẹ́ rántí ọkùnrin aláṣọ funfun tó ń kọrin. Àfi bíi pé ẹnì kan tì í lẹ́yìn. "Ẹ pè mí padà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán," ló sọ.

Nígbà tí wọ́n sinmi, dípò kó jókòó ti fúláàsìkì rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá tẹ́lẹ́sì. Godfrey ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó jẹ́ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń tẹ iṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ bá rán láti ojú òkun sórí bébà gbọọrọ. Ojoojúmọ́ ni òun àti Àdùfẹ́ ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, wọn ò sì tíì jókòó pọ̀ rí.

"Àǹtí Àdùfẹ́! Ẹ̀yin lẹ wà nínú ohùn yẹn?" Ó fa àga fún un.

"Èmi ni o. Godfrey, níbo ni Ìdẹ̀ra wà?"

Godfrey wò ó bíi pé kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè tó dára tó báyìí rí. Ó fa bébà kan yọ. Wọ́n ti kọjá Dakar. Ojú òkun pa rọ́rọ́. Bí nǹkan bá ń lọ báyìí, wọ́n á wọ Èkó lọ́jọ́ Ẹtì.

Bí Àdùfẹ́ ṣe sọ ọ́ fún Ejiro, igbe tí obìnrin náà ké le débi pé ó ní láti yọ ohun tó fi ń gbọ́rọ̀ kúrò létí. Ó gbọ́ bí Ejiro ṣe ń sọ fún gbogbo àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Friday! Bàbá Peculiar ń bọ̀ ní Friday! My sister, God go bless that your mouth!" Lẹ́yìn tó ti gbé e sílẹ̀, Àdùfẹ́ rí i pé òun nìkan ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn.

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ejiro sọ fún ìyàwó atukọ̀ kejì, ìyẹn sọ fún ẹlòmíràn. Láàárọ̀, kí àwọn ìpè tó máa rọ́ wọlé, Àdùfẹ́ á bi Godfrey níbi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, bí àwọn obìnrin bá sì pè, á sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí i. Ó mọ̀ pé òun ń ṣe ohun tí wọn ò ní kí òun ṣe. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó lọ bá Ọ̀gá Azubuike, máníjà tó wà lórí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Èbúté Mẹ́tta ni wọ́n bí i sí, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é, sà. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má ṣe é mọ́, mi ò ní ṣe é mọ́." Ẹ̀rù bà á bó ṣe ń sọ ọ́, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ òun, yóò dun òun gan-an.

"Tẹ́ ẹ bá wá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún wọn ńkọ́?"

"Ohun tí Godfrey bá rí lórí bébà nìkan ni mo máa ń sọ, sà."

Ọ̀gá Azubuike ń wo ojú fèrèsé. Ẹnu géètì ló ń wò, níbi tí àwọn ìyàwó atukọ̀ ti máa ń dúró sínú oòrùn tẹ́lẹ̀ láti béèrè ọkọ wọn, tí ẹ̀ṣọ́ á máa lé wọn. Kò sẹ́ni tó dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ máa ṣe é lọ," ló sọ. "Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìròyìn burúkú, ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lórí tẹlifóònù. Ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá."

Àdùfẹ́ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Godfrey fún un ní àwòrán òkun ńlá kan tí wọn ò lò mọ́, ó fi bo fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Ephraim bá a ra píìnì aláwọ̀ oríṣiríṣi, láràárọ̀ ló sì ń sún wọn: pupa ni Ìdẹ̀ra. Okùn kan náà ló ń fi bọ ihò, ẹ káàárọ̀ kan náà ló ń sọ, owó oṣù rẹ̀ kò sì fi kọ́bọ̀ kan lé sí i. Àmọ́ ó ti mọ ìyàwó tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, ó mọ ìyá arúgbó tí kì í béèrè ju pé ṣé wọ́n ń jẹun, ó mọ èyí tó máa ń bínú sí ọkọ rẹ̀ títí ọkọ̀ á fi ku ọjọ́ kan kó dé. Ephraim ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú kan pé ó tún ẹ̀bà bù.

"Inú tó ń lọ́ ọ yẹn ńkọ́?"

Àdùfẹ́ dúró, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. "Ẹ wò ó, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó lọ."

Ní oṣù January ọdún 1986, nígbà tí ọyẹ́ mú tí èèyàn ò rí ìsọdá Wharf Road dáadáa láàárọ̀, Ìdẹ̀ra gbéra láti Hamburg, ó ń bọ̀ nílé. Ọ̀sán gangan ni ọ̀gá ọkọ̀ máa ń ránṣẹ́. Ní Ọjọ́rú, kò ránṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ náà, kò ránṣẹ́. Godfrey sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ wá bá Àdùfẹ́, ó fọwọ́ kan ibì kan lórí àwòrán náà, òkè Spain, níbi tí òkun ti yawọ ilẹ̀.

"Ìjì ń jà níbí, Àǹtí. Ìjì tó le. Wọ́n ń pe Ìdẹ̀ra, kò dáhùn."

Àdùfẹ́ fi píìnì pupa sílẹ̀ níbi tó wà. Kò lè sún un síwájú, kò sì lè yọ ọ́.

Kò pẹ́ rárá tí Ejiro fi pè. "Màdáàmù mi! How our people?"

Ohùn tí kò já Àdùfẹ́ kulẹ̀ rí látọjọ́ tó ti wà níbẹ̀ lọ́ra díẹ̀ kó tó dáhùn, díẹ̀ náà sì ti tó.

"Why you quiet?" Ejiro béèrè.

"Ejiro, ẹ dákun, ẹ má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín. Màá wá bá yín lónìí. Fúnra mi ni màá wá."

Ó gòkè lọ bá Ọ̀gá Azubuike. Àwọn ọ̀gá àgbà ti kìlọ̀ fún ọkùnrin náà pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́ nǹkan kan títí wọ́n á fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

"Sà, ẹ ní kí n má sọ ọ́ lórí tẹlifóònù. Mi ò ní sọ ọ́ lórí tẹlifóònù. Ẹsẹ̀ mi ni màá fi rìn lọ."

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn, Ìyáàfin Ọlálérè? Kí la mọ̀?"

"Ohun tá a mọ̀ náà ni, sà. Pé a ò gbúròó wọn láti àná. Pé ìjì ń jà. Pé wọ́n ń wá wọn, kò sì sẹ́ni tó ní wọ́n ti rì. Tí a kò bá sọ ọ́, wọ́n á gbọ́ ọ lójú títì, èyí tí wọ́n á gbọ́ á burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀gá Azubuike ti ìwé tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Láti ilé rẹ̀ ní Àpápá GRA sí ọ́fíìsì nìkan ni mọ́tò ọkùnrin náà mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí òpópónà Ajégúnlẹ̀ ti há jù, ó páàkì, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀, ó tẹ̀ lé Àdùfẹ́ lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà. Ejiro dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, téèpù ìránṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin pupa, ẹlẹ́yinjú ńlá. Àwọn ìyàwó atukọ̀ mìíràn ti pé sínú ṣọ́ọ̀bù náà láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ káalẹ́ o," ni Àdùfẹ́ wí.

Ejiro gbá a lọ́wọ́ mú. "Na you be di voice."

Àdùfẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi nǹkan kan pa mọ́, láìsì fi nǹkan kan kún un. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́kún. Ìyá arúgbó tó máa ń béèrè bóyá wọ́n ń jẹun kàn ń mi orí. Ọ̀gá Azubuike bá wọn sọ̀rọ̀, ó fi Ìgbò bá ọ̀kan lára wọn sọ ọ́, ó ní lọ́la, kí gbogbo wọn wá sí káńtíìnì ilé-iṣẹ́, kí wọ́n jókòó síbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kankan ò ní lé wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Ejiro sọ ọ̀rọ̀ kan tí Àdùfẹ́ kò retí. Ó ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá. Ká ní ẹ parọ́ fún mi ni, mi ò ní lè gba ìròyìn rere gbọ́ lẹ́nu yín mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin náà kún káńtíìnì. Gbogbo ìgbà tí iná kékeré bá tàn lára pátákó, Àdùfẹ́ á sáré mú okùn. Ẹni tó ń wá ẹrù sìmẹ́ńtì. Ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè. Ìyàwó máníjà. Ọ̀sán ti ń lọ nígbà tí àwọn tó ń so ìpè ilẹ̀ òkèèrè pè é pé ẹnì kan ń pè láti Vigo, ní Spain. Ariwo bíi ti iná tó ń jó ewé gbígbẹ kún inú rẹ̀, ohùn ọkùnrin kan sì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

"Ọ̀gá ọkọ̀ Ìdẹ̀ra ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ so mí mọ́ Ọ̀gá Azubuike."

Ohun tí ìlànà wí ni pé kó so ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá ọkọ̀," ló wí, "gbogbo wọn ńkọ́?"

Ó jọ pé ọkùnrin náà kò retí pé kí tẹlifóònù bi òun ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀. "Gbogbo wa la wà láàyè. Ẹnì kan ò kú. Ìgbì ló já wáyà rédíò wa, ó sì ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ọkọ̀ mìíràn ló fà wá dé èbúté láàárọ̀ yìí. Omi gbígbóná jó kúùkù wa lápá, ṣùgbọ́n ó ti ń se oúnjẹ báyìí."

Àdùfẹ́ so ó. Ó gbé orí lé etí tábìlì, ó mí kanlẹ̀, omijé sì ń kán sórí aṣọ rẹ̀. Kò pẹ́ tó gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn, bàtà tó ń sáré, ó mọ ẹni tó ni ín. Ọ̀gá Azubuike yọjú sí yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyáàfin Ọlálérè, ẹ dìde. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́."

"Tẹlifóònù ńkọ́, sà?"

"Ẹ jẹ́ kó máa dún."

Bó ṣe wọ káńtíìnì, gbogbo wọn dìde. Àdùfẹ́ la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó tún la ẹnu, kò jáde. Ohùn tí gbogbo Àpápá mọ̀ kọ̀ jálẹ̀ fún un. Àmọ́ ojú rẹ̀ ti sọ ọ́. Ejiro ló kọ́kọ́ rí i, ó sì ké igbe kan, ó fò mọ́ ọn. Àga ń ṣubú, àwọn obìnrin ń dì mọ́ra wọn, ìyá arúgbó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú gèlè. "Gbogbo wọn," ni Àdùfẹ́ wá lè sọ níkẹyìn. "Gbogbo wọn pátá." Ó ní láti tún un sọ fún olúkúlùkù lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kò sẹ́ni tí kò fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ilé-iṣẹ́ náà kò fún un ní àmì ẹ̀yẹ, wọn ò sì gbé e ga. Ó kàn jẹ́ pé láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó bi í lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn pé ta ló ń wá. Wọ́n á kí i, á kí wọn. Ejiro rán aṣọ fún un, ọkọ rẹ̀ sì wá jókòó ní pálọ̀ wọn lọ́jọ́ kan, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè láti fi àpá omi gbígbóná náà hàn Ephraim, bí ẹni ń fi nǹkan ìyanu hàn.

Lọ́dún 1991, ẹ̀rọ tẹlifóònù tuntun dé. Kò ní okùn, kò ní ihò, fúnra rẹ̀ ló ń so ìpè. Àwọn onítẹlifóònù káàkiri Wharf Road ti ń di ẹrù wọn. Ọ̀gá Azubuike, tí irun rẹ̀ ti funfun, pe Àdùfẹ́ sókè.

"Ẹ̀rọ yẹn ti gba iṣẹ́ yín o," ló wí.

"Mo ti gbọ́, sà."

"Ó gba èyí tí wọ́n ń san owó rẹ̀ fún yín. Èyí tẹ́ ẹ fi kún un fúnra yín, kò lè ṣe é. Ṣé ẹ máa lọ jókòó síwájú lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ máa gba àwọn ìdílé atukọ̀ lálejò? Iṣẹ́ tí wọ́n á máa san owó rẹ̀ fún yín nìyẹn báyìí."

Yàrá tí wọ́n fún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó ní fèrèsé méjì, ó sì ní bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn obìnrin lè jókòó sí kúrò nínú oòrùn. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ wọbẹ̀.

Nígbà tí Ephraim fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó di àṣà rẹ̀ láti máa wá pàdé ìyàwó rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n jọ rìn lọ sílé. Lọ́jọ́ kan nínú ọdún 1993, wọ́n ń bọ̀ lẹ́bàá títì, àwọn tírélà tò lọ bí ẹni pé wọn ò ní lópin, Àdùfẹ́ sì ń sọ̀rọ̀: ti Onyinyechi, ìyàwó tuntun tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sójú òkun fún ìgbà àkọ́kọ́, tó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ tó kọ̀ tí kò lọ.

"Kí lo wá sọ fún un?" Ephraim béèrè.

"Mo ní kó bá mi ṣa ẹ̀wà. A jọ ṣà á tán, ó ní ebi ń pa òun, ó lọ sílé."

Ephraim rẹ́rìn-ín. Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. "Tẹ́lẹ̀, tí mo bá béèrè bí ibi iṣẹ́ ṣe rí, o kì í dá mi lóhùn."

"Tẹ́lẹ̀, kí ni ǹ bá sọ fún yín?" Ó dá ọkọ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà níbi tí obìnrin kan ti ń sun àgbàdo, ó mú èyí tó rọ̀, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fún un ní ìdajì, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.